Ìdánrawò Àjálù: Ẹ Jẹ́ Kó Dàrú Níwájú Yín

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni tó farapa nínú ìdánrawò àjálù. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá kùn mí lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi bébà kan sí mi lọ́wọ́ pé egungun itan mi ti kán, pé mò ń mí nígbà 34 láàárín ìṣẹ́jú kan. Òṣìṣẹ́ kan sáré dé, ó ka bébà náà, ó so káàdì pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá gbé yín," ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá gba káàdì pupa la kọ́kọ́ ń gbé. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú 47 ni mo fi wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó wá. Àwọn tó yẹ kó gbé mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńbúláǹsì, wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n. Ẹni tó so káàdì rò pé wọ́n ti rí mi.

Nígbà tó yá, wọ́n fọn fèrè, gbogbo wa dìde, a gbọn ara nù. Àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Èmi mọ̀ pé mo ti kú. Ó dùn mí gan-an, torí àṣìṣe yẹn ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí òṣìṣẹ́ lè fi hàn pé òun mọṣẹ́ la ṣe ń ṣe ìdánrawò. Rárá o. À ń wá ibi tí ètò wa ti máa já, ká lè rí i lọ́jọ́ tí kò ní gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Panápaná mọ iná pa, nọ́ọ̀sì mọ ọgbẹ́ tọ́jú. Àárín ọwọ́ sí ọwọ́ ló ti sábà máa ń já: níbi tí panápaná ti fẹ́ fa ẹni tó farapa lé àwọn áńbúláǹsì lọ́wọ́, tàbí níbi tí áńbúláǹsì ti fẹ́ fà á lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ sílẹ̀. "A fẹ́ mọ̀ bóyá a ti gbaradì" kì í ṣe ìbéèrè. Ìbéèrè ni pé: lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé ibi ìjàǹbá, ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà kí ilé ìwòsàn tó gbọ́ pé èèyàn 40 ń bọ̀? Ta ló máa sọ fún wọn? Bí ẹni yẹn ò bá sí ńkọ́? Ìbéèrè mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo nǹkan wò lẹ́ẹ̀kan náà kò ní rí ìkankan wò dáadáa.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù. Ẹ kọ́kọ́ jókòó yí tábìlì ká, kí ẹnì kan ka ìṣẹ̀lẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí oníkálukú sọ ohun tó máa ṣe. Kò náni ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó sì máa ń tú àṣírí tó pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dán iṣẹ́ kan ṣoṣo wò, bíi yíya àwọn tó farapa sọ́tọ̀. Ìlànà START, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní California lọ́dún 1983, rọrùn láti fi kọ́ni: ẹni tó bá lè rìn gba káàdì aláwọ̀ ewé, ẹni tí èémí rẹ̀ bá ju 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí kò lè ṣe ohun kékeré tí a ní kó ṣe, gba pupa. Ìgbà tí èyí bá ti mọ́ wọn lára ni kí ẹ tó kó gbogbo ọkọ̀ jáde.

Àwọn tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ti mọ èyí tipẹ́. ICAO, àjọ tó ń ṣe ìlànà ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, ní kí pápákọ̀ òfuurufú ṣe ìdánrawò ńlá, ó pẹ́ tán ní ọdún méjì-méjì, kí wọ́n sì ṣe kékeré láàárín láti rí i dájú pé àléébù tí wọ́n rí ti kúrò. Ní oṣù Keje ọdún 1989, ọkọ̀ òfuurufú United Airlines kan já ní Sioux City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà. Èèyàn 296 ló wà nínú rẹ̀. 184 ló yè. Wọ́n ti ṣe ìdánrawò ńlá lórí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1987. Mi ò ní sọ pé ìdánrawò nìkan ló gbà wọ́n: ilẹ̀ ò tíì ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pààrọ̀ ṣíìfù lọ́wọ́, tọ̀sán talẹ́ wọn sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n Alfred Haynes, tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ náà, ka ìmúrasílẹ̀ mọ́ ohun márùn-ún tó ní ó mú kí ẹ̀mí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yè.

Kí ló ń mú ìdánrawò jọ òótọ́? Ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá ló kéré jù níbẹ̀. Àkókò ni. Bí ìrìn ìṣẹ́jú 25 bá wà láàárín ibi ìjàǹbá àti ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rin ìṣẹ́jú 25 yẹn. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ti dé" ti fo ibi tí ọkọ̀ ti máa ń tán nílẹ̀. Ẹ ní àwọn ìṣòro tí ẹ ti kọ síbi kan, tí a máa tú jáde ní ìṣẹ́jú tí a ti dá: ìyá kan dé, ó ń ké orúkọ ọmọ rẹ̀, wọ́kì-tọ́kì dákẹ́, a fọwọ́ kan ọ̀gá tó ń darí léjìká pé, "Ẹ jókòó, ẹ ti farapa." Ẹ óò rí bí gbogbo ènìyàn ṣe máa wo ojú ara wọn. Ẹ má sáré ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ààbò kò gba àwàdà. Gbogbo ọ̀rọ̀ orí wọ́kì-tọ́kì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ìdánrawò ni". Ẹ yan gbólóhùn kan, bíi "kì í ṣe ìdánrawò mọ́", tí ẹnikẹ́ni lè fi dá gbogbo nǹkan dúró bí èèyàn bá farapa lóòótọ́. Ẹ ya áńbúláǹsì kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn, ẹ sọ fún àwọn tó ń gbé àdúgbò náà àti àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì. Kí ẹ tó tú ká, ẹ ka àwọn tó ṣe bí ẹni tó farapa lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fi tipátipá mú ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí dùbúlẹ̀ sáàárín ẹ̀jẹ̀.

Ẹ fi alákìíyèsí kan síbi tí ọwọ́ ti ń pàdé ọwọ́, pẹ̀lú aago àti ìwé. Kó kọ ohun tó rí àti àkókò tó rí i. Kó má dájọ́. Bí ó bá ti parí, ẹ jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú òógùn lára yín, kí ẹni tó kéré jù lípò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti ní "ó dára", ẹnu ti pa mọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí àléébù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe àti ọjọ́ tó máa parí. Níbí yìí ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2004, àwọn aláṣẹ ní ìpínlẹ̀ Louisiana, Amẹ́ríkà, ṣe ìdánrawò kan tí wọ́n pè ní Hurricane Pam, lórí ìjì tó máa mú omi bo New Orleans. Ìjì Katrina dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, iṣẹ́ tó yẹ kó tẹ̀lé ìdánrawò náà kò sì tíì parí. Àwọn tó kú ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Mo kọ ìṣẹ́jú 47 mi sínú lẹ́tà, mo fi ránṣẹ́ sáwọn tó ṣètò. Nígbà tí wọ́n máa tún ṣe òmíràn, wọ́n ti yan ẹnì kan tó dúró pẹ̀lú pátákó funfun. Gbogbo ẹni tó bá so káàdì pupa gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà káàdì náà fún un. Mo tún dùbúlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 9, wọ́n ti gbé mi sínú ọkọ̀. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fi iná sí ọkọ̀, ó wá yíjú sẹ́yìn, ó bi mí pé, "Ilé ìwòsàn wo là ń lọ?"