Canfranc, ìlú ojú irin lẹ́nu ibodè

Canfranc jẹ́ ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Pyrenees, ní agbègbè Huesca, lórílẹ̀-èdè Spéìn. Inú àfonífojì tóóró tí odò Aragón ń ṣàn gbà ló wà. Òkè tó wà níhà àríwá rẹ̀ ni ibodè Fránsì. Nígbà òtútù, òjò dídì a máa jọ sórí àwọn òkè náà títí yóò fi ya wálẹ̀ lójijì. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 600 lọ, síbẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin rẹ̀ gùn tó 241 mítà.

Fífẹ̀ ojú irin ló bí ilé ràgàjì yìí. Ojú irin Spéìn fẹ̀ tó 1,668 mílímítà, ti Fránsì sì jẹ́ 1,435, nítorí náà ọkọ̀ ìhín kò lè rìn lórí irin ọ̀hún. Canfranc ni gbogbo èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á ṣí àpótí wọn fún àwọn aṣọ́bodè, kí wọ́n tó rìn dé òdì kejì ilé náà láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹrù pẹ̀lú, ńṣe ni wọ́n ń rù ú láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì. Spéìn ní ọ́fíìsì tirẹ̀ nínú ilé náà, Fránsì náà ní tirẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó lè dé ibẹ̀ rárá, wọ́n ní láti lu òkè Somport já. Iṣẹ́ ihò náà, tó gùn tó bíi kìlómítà 8, bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Ní 1912 àwọn tó ń gbẹ́ ẹ bọ̀ láti ìhà méjèèjì pàdé lábẹ́ òkè. Òkúta tí wọ́n kó jáde ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibùdókọ̀, wọ́n yí ipa odò padà, wọ́n sì gbin igi sára òkè kí òjò dídì má baà ya lu ìlú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1928, Ọba Alfonso Kẹtàlá ti Spéìn àti Ààrẹ Fránsì, Gaston Doumergue, ṣí ibùdókọ̀ náà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni wúrà àti wolfram, irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà, gbà kọjá. Àwọn Júù tó ń sá fún Hitler náà gba ibẹ̀, Albert Le Lay tó jẹ́ ọ̀gá aṣọ́bodè Fránsì sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin 1944, iná jó Canfranc àtijọ́, tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì náà. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣí lọ sẹ́bàá ibùdókọ̀, ibẹ̀ ló sì di ìlú gan-an.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1970, ọkọ̀ tó kó àgbàdo ń gun òkè níhà Fránsì. Ó yọ̀ padà sẹ́yìn láìsí ìjánu tó lè dá a dúró, ó sì wó afárá L'Estanguet lulẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n Fránsì kò tún afárá náà kọ́. Báyìí ni ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí àtikọjá ṣe di òpin ọ̀nà.

Láti 1985, àwọn onímọ̀ físíìsì ní yàrá ìwádìí lábẹ́ òkè náà, níbi tí àpáta tó wà lókè wọn ti ń dí ìtànṣán láti ojú ọ̀run. Ibùdókọ̀ àtijọ́ di òtẹ́ẹ̀lì ní 2023. Ọkọ̀ ojú irin láti Zaragoza ṣì ń dé ibẹ̀. Ti Fránsì, láti 2016, Bedous ló ń dúró sí.