Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Ajá Di Ajá Ológun

Ó lé ní 14,000 ọdún tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀yà ajá tó ní orúkọ àti ìwé ìran (ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ajá àti àwọn òbí rẹ̀ sí) lónìí kò tíì pé 200 ọdún. Kí ìwé ìran tó dé, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dá ajá mọ̀. Ọdẹ a máa wá ọmọ ajá tí ìyá rẹ̀ mọ ẹran lé, darandaran a sì máa wá èyí tí ìyá rẹ̀ ń da àgùntàn láì bù wọ́n jẹ. Bí èyí ṣe ń lọ láti ìran dé ìran, ìwà tí wọ́n ń fẹ́ di àbímọ́ fún àwọn ajá náà.

Ọ̀nà yìí ni Max von Stephanitz, ọ̀gá ológun ẹlẹ́ṣin ní Jámánì, sọ di ètò ní ọdún 1899. Ó ra ajá darandaran kan, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, ó sì fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé ìran ẹ̀yà ajá tí wọ́n ń pè ní German Shepherd. Ìwúlò àti làákàyè ni ó ní kí wọ́n máa fi yan ajá tí yóò bímọ, kì í ṣe ẹwà. Lọ́dún kan náà, àwọn ọlọ́pàá ìlú Ghent ní Bẹ́líjíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í mú ajá rìn lóru. Ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù yìí náà ni Malinois ti wá, ajá tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun fẹ́ràn jù báyìí.

Ogun ló wá dín iye ẹ̀yà tí wọ́n ń lò kù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ajá ń gbé lẹ́tà, wọ́n sì ń wá àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ajá lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ẹ̀yà tó lé ní 30 ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí yóò fi di 1944, méje péré ló kù.

Síbẹ̀, ẹ̀yà nìkan kò tó. Olùkọ́ a ju bọ́ọ̀lù sínú igbó kíjikìji, a sì máa wo bí ajá yóò ṣe wá a pẹ́ tó. Èyí tó bá tètè ṣíwọ́, bó ti wù kí ara rẹ̀ lágbára tó, wọn kì í mú un. Fún ajá tí yóò máa wá bọ́ǹbù, wọ́n a to àpótí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n a sì fi nǹkan abúgbàù díẹ̀ sínú ẹyọ kan. Ní kété tí imú ajá bá kan àpótí yẹn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ a jáde níbẹ̀, títí yóò fi gbà pé ibi tí òórùn yẹn bá wà ni bọ́ọ̀lù wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n a kọ́ ọ láti jókòó jẹ́ẹ́ bó bá ti rí i, nítorí ajá tó bá fi èékánná ha bọ́ǹbù lè pa ara rẹ̀ àti olùdarí rẹ̀.

Apá tó le jù kò tíì dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ, ike àti òórùn ọwọ́ ènìyàn sínú àwọn àpótí yòókù, kí ajá má baà ṣi òórùn kan mú fún òmíràn. Olùdarí fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa mọ ibi tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ sí nígbà ìdánwò. Ajá ń ka ara ènìyàn gan-an: bí olùdarí bá rọra dẹ ìrìn, tàbí tí ó fa okùn díẹ̀, ajá lè jókòó láti tẹ́ ẹ lọ́rùn láì gbóòórùn kankan. Àṣìṣe tó léwu jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, nítorí pé ó máa ń dà bí àṣeyọrí.

Imú náà ní ààlà tirẹ̀. Nígbà tí ajá bá ń gbóòórùn, ó ń pa ẹnu dé, ó sì ń fa èémí kéékèèké símú léraléra. Ṣùgbọ́n nínú ooru, ó gbọ́dọ̀ yọ ahọ́n síta kí ó máa mí gúlegúle kí ara rẹ̀ lè tutù. Kò lè ṣe méjèèjì dáadáa pọ̀. Ìdí nìyí tí olùdarí fi ń dá iṣẹ́ dúró lóòrèkóòrè láti fún un ní omi àti ibòji, kódà bí ajá náà bá ṣì ń fa okùn síwájú.