Ọjọ́ Orí Bàálù Kọ́ Ni Kí Ẹ Máa Bi Mí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Aládìrẹ láti Ìtòkú wá sílé mi. Wọn kò tíì jókòó tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé ọjà lọ sí Àbújá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò wọ bàálù nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ni kò tíì gbó?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹni méjì mìíràn ti pè mí, ọ̀kan láti Ìbarà, ọ̀kan láti Àdátán. Ìbéèrè kan náà ni.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tún bàálù ṣe ní Ìkẹjà kí n tó padà wálé sí Abẹ́òkúta. Ìbéèrè yìí ti sú mi. N ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ máa bèèrè. Ti bí irin ńlá ṣe ń gbéra nílẹ̀, n kò ní bá yín sọ ìyẹn. Ọmọ girama tó wà nílé yín lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ọdún nìkan kọ́ ló ń sọ bàálù di arúgbó. Gbígbéra àti bíbalẹ̀ ni. Bí bàálù bá ṣe ń gòkè, à ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí èrò lè mí, ara rẹ̀ á sì wú díẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní atẹ́gùn. Bó bá balẹ̀, á tún rọ̀. Wíwú àti rírọ̀ yẹn ló ń rẹ irin. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 1988, òrùlé bàálù Aloha Airlines kan ya dànù lókè níbi tó ti ń fò láàárín àwọn erékùṣù Hawaii. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń tọ́jú èrò bá atẹ́gùn lọ. Ọdún 19 péré ni Boeing 737 yẹn lò láyé, ṣùgbọ́n ó ti gbéra, ó sì ti balẹ̀, ní ìgbà tó ju 89,000 lọ. Bàálù ọlọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ń ṣìkẹ́, mo lè gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ mi sínú rẹ̀. Bàálù ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń parọ́ nípa rẹ̀, n kò ní gbé ẹrù gààrí sínú rẹ̀.

Nígbà tí bàálù Dana já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú ẹni mẹ́fà nílẹ̀. Ariwo tó gba ìgboro ni pé bàálù náà ti gbó, pé ọdún 22 ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí wà, ẹ kà á. Ẹ́ńjìnnì kan ti kọṣẹ́ nígbà tí wọn kò tíì fò ju ìṣẹ́jú 17 lọ. Awakọ̀ kò wá pápákọ̀ tó súnmọ́ jù láti balẹ̀ sí, ó ń bọ̀ wá sí Èkó. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kejì náà kọṣẹ́. Èwo ni tọdún nínú ìyẹn?

Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi mí ni pé: àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé?

Ìwé kan wà nínú gbogbo bàálù tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní tech log. Bí awakọ̀ bá balẹ̀ tó sì gbọ́ ìró tí kò yé e, inú ìwé yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí. Èmi ẹnjiníà á kà á, n ó wá ibi tó ti ń ṣe é, n ó tún un ṣe, n ó kọ ohun tí mo ṣe, n ó kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi, n ó buwọ́ lù ú. A óò já ẹ̀dà ojú ewé yẹn sílẹ̀ kí bàálù tó gbéra, nítorí bó bá lọ tí kò padà, ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ló máa jẹ́rìí. Bí mo bá buwọ́ lu irọ́, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ títí ayé.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ń dá bàálù dúró o. Àwọn kan wà tí òfin gbà kí ó gbé rìn fún ìgbà díẹ̀: òmíràn ọjọ́ 3, òmíràn ọjọ́ 10, òmíràn 120. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn aláìṣòótọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ibi wọn. Bí ọjọ́ 10 bá pé tí wọn kò tíì rí ohun èlò tuntun rà, wọ́n á pa àìsàn náà rẹ́ nínú ìwé bíi pé ó ti san, wọ́n á sì tún un kọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú orúkọ mìíràn kí ọjọ́ 10 mìíràn lè bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i. Mo ti fa irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ síta níwájú ọ̀gá, mo sì ti gbọ́ èébú nítorí rẹ̀. Àwọ̀ tó ń dán lára bàálù kò lè fi èyí hàn yín. Èrò tó jókòó sínú bàálù tuntun tó ń rùn bí aga tuntun kò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi bírò parọ́ mọ́ òun.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ wa. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ lóru tí nǹkan bá rin ìka mi, kí n tó tan iná ni mo ti mọ ohun tó ń jò. Epo bàálù ń rùn bíi kẹrosíìnì. Òróró ẹ́ńjìnnì ń yọ̀, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Omi tó ń gbé ẹsẹ̀ àti ìjánu bàálù, àwọ̀ àlùkò ni, bó bá kan ojú ọgbẹ́ á ta ọ́ bí ata rodo. Ọwọ́ mi ṣì mọ wọn dòní. Ẹni tó mọ nǹkan báyìí, kò lè fara mọ́ ohun tí àwọn kan ń tà fún yín nígboro.

Ìyá Aládìrẹ fi ìgò omi kan hàn mí. Wòlíì kan ló fún wọn pé kí wọ́n wọ́n ọn sórí àga nínú bàálù, kí wọ́n má sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí ojú fèrèsé ni àwọn ayé ń gbà wọlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n san. Inú bí mi débi pé mo dìde. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í ṣí ẹ́ńjìnnì láìgbàdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà mi kò dí páìpù tó ń jò rí, sípánà ló ń dí i. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ opó tó ń pa aṣọ láró kó tó jẹun, tó sì fi omi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, olè ni, bó ti wù kí agbádá rẹ̀ funfun tó. Bákan náà ni àwọn tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé bàálù báyìí á já nínú oṣù yìí. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ́ àti ìrù.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Lísà, nítorí kò jìnnà sí wa, nítòsí Ìfọ̀ níbí ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Àbújá. Kò pẹ́ rárá tó fi já. Èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, àwọn tó wà nípò àṣẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé Kíṣí, ní òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti rí i, pé àwọn kan yè. Ẹ ronú nípa ìyá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún. Àpótí tó ń gba ohùn àti ìrìn bàálù sílẹ̀, wọn kò rí i. Àwọn olùwádìí kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan báyìí ló fà á. Nítorí òótọ́ kò sí nílẹ̀, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ló gba ibẹ̀, ó sì ń jọba títí dòní.

Irọ́ àwọn èrò inú bàálù náà wà. Mo bi Ìyá Aládìrẹ ohun tí wọ́n dì sínú báàgì ńlá. Power bank wà níbẹ̀, ọmọ wọn ti fi ìró wé e dáadáa kí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ má baà rí i. Mo tú u. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 sí lára yẹn, agbára rẹ̀ jẹ́ 74 Wh (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára bátìrì nìyẹn), òfin sì gbà tó 100 Wh láìtọrọ àyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí èèyàn fi gbé e wọlé, kì í ṣe inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́. Bí irú bátìrì yẹn bá gbiná lókè lọ́dọ̀ èrò, wọ́n á rí i, wọ́n á da omi lé e. Lábẹ́ kò sí ẹnì kankan, oògùn iná tó sì wà níbẹ̀ kò ká a, nítorí bí bátìrì kan bá gbóná, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á gbóná. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹrù bàálù UPS, ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù kó ẹrù, tó gbiná ní Dubai ní ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2010. Boeing 747 ni, awakọ̀ méjèèjì kú. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ fi aṣọ wé e, kò ní in lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí irọ́ kékeré kan kọjá ni.

Irọ́ àwọn olóṣèlú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ará wa ní Ẹ̀gbá ṣì ń bínú pé àárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru ni pápákọ̀ Gateway wà, pé kí ló dé tí kò fi sí ní Abẹ́òkúta. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ló ń wá tirẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ láti Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta dé Ìkẹjà kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ìlú gómìnà wo ni bàálù fẹ́ balẹ̀ sí kò kan bàálù. Ẹ bèèrè iye ọkọ̀ panápaná tó wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lóru, nítorí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ló ń tì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọmọ Abẹ́òkúta ló wà lórí àlééfà nígbà tí Nigeria Airways parẹ́ ní 2003. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, wọ́n gbé bàálù Ethiopian Airlines kan wá sí Àbújá, tí wọ́n ti kọ Nigeria Air sí lára, orúkọ ilé-iṣẹ́ bàálù tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dá sílẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàálù náà sì padà sí Ethiopia. Ẹ kì í fi ọ̀dà dá ilé-iṣẹ́ bàálù sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá wa náà ń kọ́ wa ní ìwàkiwà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, gbajúmọ̀ olórin kan dúró síwájú bàálù ní Àbújá pé kò ní lọ, awakọ̀ náà sì wà á lọ pẹ̀lú èèyàn nílẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ̀bi. Ìjọba fìyà jẹ wọ́n, kò pẹ́ tí wọ́n fi dín in kù. Mo ka ìròyìn yẹn, mo sì rántí òru kan.

Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Àwa mẹ́ta la wà ní háńgà, ilé ńlá tí a ti ń tún bàálù ṣe, bàálù aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ là ń tún ṣe. Nígbà tí a parí, a bẹ̀rẹ̀ sí í dá irinṣẹ́ padà sára pátákó. Pátákó wa, a ti ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, bí ọ̀kan bá sọnù, àwòrán rẹ̀ á máa wò ọ́ lójú. Àwòrán tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló ṣófo. Ọmọdékùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní òun rò pé ó wà nínú ọkọ̀ òun. Ó lọ wò ó, kò sí níbẹ̀.

Mo ní n kò ní buwọ́ lù ú. Ọ̀gá mi pè: "Tọ́ọ̀ṣì lásán!" Èèyàn ńlá kan láti ìpínlẹ̀ wa ń dúró nínú pápákọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, èèyàn ńlá náà fúnra rẹ̀ gba fóònù. Ó bi mí ní ilé tí wọ́n ti bí mi nínú Ẹ̀gbá. Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ bàbá mi, pé bí mo bá fi tọ́ọ̀ṣì ba ìrìn òun jẹ́, òun á gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n tún ṣí ẹ́ńjìnnì.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ lu. Àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ti fọ́ dígí káńtà. Aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, tí mo na ọwọ́ gba abẹ́ páìpù kọjá, títí tí nǹkan tútù kan fi kan ìka mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì ló há sí. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn, ó ti pọ́n, ó fẹ́ kú. Ọmọdékùnrin yẹn wò ó, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Èèyàn ńlá náà ti bá bàálù mìíràn lọ. Ọ̀gá mi fún mi ní ìwé pé kí n lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó. Kí n tó kúrò, mo mú ìwé bàálù náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé tọ́ọ̀ṣì kan sọnù, a wá a, a rí i, mo kọ ibi tí a ti rí i àti aago, 9:40, mo sì buwọ́ lù ú.