Kí Ló Dé Tí Kásẹ́ẹ̀tì Ìgbọ̀nsẹ̀ Inú Ọkọ̀-Ilé Fi Ń Tú Síni Lára? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọkọ̀-ilé ni a ó máa pe ọkọ̀ ìrìnàjò tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìtura ńlá ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó ń rin ọ̀nà jíjìn, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bá gbé àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ lọ síbi ìdànù, tí ó ṣí ìdérí rẹ̀, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì fò mọ́ ọn láṣọ. Èyí tí ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé àpótí náà kò fọ́, kò jò, kò sì kún. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni irú èyí tí ó máa ń wá síni lọ́kàn lẹ́yìn tí a bá ti wẹ̀ tán.

Ìbéèrè: Kí ni kásẹ́ẹ̀tì yìí gan-an?

Ìdáhùn: Abẹ́ àwo tí ènìyàn ń jókòó lé nínú ọkọ̀ ni àpótí oníke kan wà, òun ni a ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì. A máa ń fà á jáde láti ìta, láti ẹnu ilẹ̀kùn kékeré kan tí ó wà lára ọkọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gba nǹkan bíi lítà 17 sí 20, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ó bá kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún kílógíráàmù láti gbé, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ní táyà kékeré àti ọwọ́ ìfà. Láàárín àwo àti kásẹ́ẹ̀tì ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ bí ilẹ̀kùn, tí rọ́bà sì yí etí rẹ̀ ká kí òórùn má baà gòkè wá sínú ọkọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tún ní ọ̀nà ìdànù tí a lè yí síta, tí ó rí bí ẹnu kẹ́tùrù, pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan sì wà lára rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìmọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bọ́tìnnì yìí sọ́kàn. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gbabẹ̀ lọ: ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú àpótí ni ó ń fa èyí tí ó burú jù nínú àwọn ìjàǹbá wọ̀nyí.

Ìbéèrè: Mo ti ìdérí rẹ̀ dáadáa, kò sì ju ìdajì lọ. Kí ló dé tí ó fi tú jáde bí mo ṣe ṣí i?

Ìdáhùn: Nítorí pé o tì í dáadáa ni, kì í ṣe pé o kùnà láti tì í. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú kásẹ́ẹ̀tì ṣùpọ̀ kí ó sì máa wá ọ̀nà àbájáde.

Gíga ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa ní etíkun, tí ó sì wakọ̀ gun òkè ńlá lọ, gbé afẹ́fẹ́ etíkun dání. Ní ibi tí ó ga tó 2,000 mítà, agbára tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń tẹ nǹkan ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti etíkun. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àpótí kò mọ̀ pé a ti gun òkè. Bí ó ṣe ń ti ògiri àpótí náà ni ó ṣe ń tì í, ti ìta nìkan ni ó ti rọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí àpò ìpápánu ṣe ń wú bíi bọ́ọ̀lù lórí òkè yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Ooru ni èkejì. Bí òwúrọ̀ bá tutù ní ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí oòrùn ọ̀sán sì mú inú àyè kásẹ́ẹ̀tì gbóná dé 35, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fẹ́ fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí a tó ka oru omi mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni gáàsì tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń mú jáde bí wọ́n ṣe ń jẹ ìdọ̀tí náà, ooru sì máa ń mú kí iṣẹ́ wọn yá.

Wá fi ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà kún un. Kásẹ́ẹ̀tì tí a ti gbọ̀n jìgìjìgì fún wákàtí mẹ́ta kò yàtọ̀ sí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọdé kan gbọ̀n kí ó tó gbé e fún ọ. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan ní ihò èémí tí ó yẹ kí ó máa tú afẹ́fẹ́ yìí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, kò sí iṣẹ́ tí ó lè ṣe mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Gbé kásẹ́ẹ̀tì dúró lóòró kí ọ̀nà ìdànù wà lókè pátápátá, kí omi inú rẹ̀ lè sàn lọ sí ìsàlẹ̀, kí ó sì jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò wà nítòsí ìdérí. Jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀. Yí ojú kúrò, kí o sì tú ìdérí náà pẹ̀lú sùúrù títí ìwọ yóò fi gbọ́ tí ó mí fìììn. Ìgbà tí ariwo náà bá dákẹ́ ni kí o tó yọ ọ́ pátápátá. Ẹni tí ó bá fi àpótí náà lélẹ̀ gbalaja, tí ó sì já ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun gan-an ni ó ṣí ọ̀nà fún omi ṣáájú afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ìdérí ti kúrò láyọ̀. Kí ló wá fà á tí ó fi ń dún gbugbu-gbugbu tí ó sì ń ta sí mi lẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń dà á?

Ìdáhùn: Bí omi ṣe ń jáde ni àyè ń ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wọlé láti gba ipò náà. Bí omi bá kún ọ̀nà ìdànù dí, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni omi ń gbà jáde tí afẹ́fẹ́ sì ń gbà wọlé, àwọn méjèèjì a sì máa du ẹnu ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: omi yóò jáde díẹ̀, yóò dúró, afẹ́fẹ́ yóò já wọlé, omi yóò sì tún rọ́ jáde. Ìrọ́jáde yìí ni ó ń ta sí bàtà.

Iṣẹ́ bọ́tìnnì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí ọ̀nà mìíràn fún afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn, omi yóò sì máa ṣàn wọ́ọ́rọ́ láìdún. Ṣùgbọ́n àkókò títẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ àfi ìgbà tí ẹnu ọ̀nà ìdànù bá ti dorí kodò. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà ní ìbú, omi lè gba ihò bọ́tìnnì náà jáde sí ọwọ́ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbà pé kò rọrùn láti fi ọwọ́ kan gbé ẹrù tí ó wúwo kí a sì fi àtàǹpàkò èkejì tẹ bọ́tìnnì, nítorí náà ó sàn kí a kọ́kọ́ fi omi lásán dánra wò ní ọjọ́ tí kò sí ẹni tí ó tò sẹ́yìn wa.

Ìbéèrè: Iná pupa tí ó yẹ kí ó sọ fún wa pé kásẹ́ẹ̀tì ti kún kò tàn rárá, síbẹ̀ ó ti kún dé ẹnu. Ta ni kí a dá lẹ́bi?

Ìdáhùn: Ohun kan tí ń léfòó lórí omi nínú kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ fún iná náà pé àkókò ti tó. Bí tíṣù bá dì mọ́ ọn, tàbí tí ìdọ̀tí gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀, kò ní lè dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọkọ̀ bá dúró sórí ilẹ̀ tí ó dagun, omi yóò ṣàn sí apá kan, ohun tí ń léfòó náà yóò sì máa purọ́. Ọjọ́ ni kí a máa kà, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé iná: bí ènìyàn méjì bá ń lò ó déédéé, yóò kún láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kò sì dára kí a máa wakọ̀ nígbà tí ohun inú rẹ̀ bá ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, nítorí pé yóò máa gba ihò èémí jò. Àwo gan-an gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ilẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀ sì wà ní títì, kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìbéèrè: Kásẹ́ẹ̀tì kò gbà kí a fà á jáde.

Ìdáhùn: Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ náà ṣí sílẹ̀ ni. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kí ó má lè jáde bí ilẹ̀kùn yìí kò bá tì. Má fi agbára fà á. Padà sínú ọkọ̀ kí o tì í. Bákan náà, bí ó bá kọ̀ láti wọlé padà, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yí ilẹ̀kùn náà nígbà tí ó ń fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Níbo ni ó yẹ kí a dà á sí?

Ìdáhùn: Ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un nìkan. Ní Bìrìtìkó, Elsan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú ibẹ̀; ní Faransé, ibi tí wọ́n ń pè ní aire de service ni àwọn ọlọ́kọ̀-ilé ń yà sí. Gọ́tà òjò kò sí lára wọn, nítorí pé inú odò ni omi rẹ̀ sábà máa ń lọ láìsí ìwẹ̀nùmọ́ kankan. Kẹ́míkà tí a ń dà sínú kásẹ́ẹ̀tì kí ó má baà rùn tún lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ gbára lé, pàápàá jù lọ èyí tí a fi formaldehyde ṣe. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé irú táńkì bẹ́ẹ̀ ni òun yóò máa dà á sí, kí ó wá kẹ́míkà tí wọ́n kọ ISO 11734 sí lára, ìyẹn ìdánwò tí ó ń fi hàn bóyá nǹkan lè jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ìjàǹbá méjì ni ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni ìdérí tí a gbé lé etí ihò, tí ó sì já bọ́ sínú rẹ̀ láìní padà wá mọ́; inú àpò tàbí lórí ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ihò ni ó yẹ kó wà. Èkejì burú jù ú lọ, nítorí pé ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀: fífi ẹ̀rọ omi mímu ṣan kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ méjì ni ó sábà máa ń wà nítòsí ara wọn. Ẹni tí ó bá ti ẹnu ẹ̀rọ omi mímu bọ inú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bá gbogbo ẹni tí yóò pọnmi lẹ́yìn rẹ̀ jà láìmọ̀. Mi ò rí àwáwí kankan fún èyí.

Ìbéèrè: Ó bẹ̀rẹ̀ sí jò láti abẹ́ àwo. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rọ́bà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bílíìṣì máa ń jẹ ẹ́, fàsílíìnì àti epo ilé ìdáná a sì máa mú kí àwọn rọ́bà kan wú tàbí kí wọ́n rọ̀ jù. Gírísì sílíkónì ni ó bá a mu. Ní àkókò òtútù, ẹ má jẹ́ kí omi dì nínú kásẹ́ẹ̀tì, nítorí pé yìnyín máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún gbòòrò ju omi lọ. Tíṣù olómi tí a fi ń nu ọmọ ọwọ́ kò sì yẹ kí ó wọ inú rẹ̀ rárá. Kì í tú, ó sì máa ń há sí etí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ náà.

Ìbéèrè: Bí ó bá ti wá dà sínú ọkọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ṣí gbogbo fèrèsé, wọ ìbọ̀wọ́, kí o fi bébà fa omi náà mu kí o tó fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Má ṣe da bílíìṣì lé e lórí. Ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ ní amóníà nínú, bí amóníà àti bílíìṣì bá sì pàdé, gáàsì olóró ni yóò jáde, inú ọkọ̀ tí ó há gádígádí ni ibi tí ó burú jù láti mí in símú. Nígbà tí ibẹ̀ bá mọ́, da lítà méjì omi àti ìwọ̀n kẹ́míkà tí ó yẹ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí o sì tẹ bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ náà wò bóyá ó ṣì ń lọ ó sì ń bọ̀ fúnra rẹ̀, kí o tó tì í padà sí àyè rẹ̀.