Kátíríìjì Àtúnkì Nínú Ìbọn Ìléwọ́: Ibi Tí Ewu Ti Ń Wá

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn ṣe eré ìdárayá kì í da èèpo idẹ kátíríìjì nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín tán. Wọ́n á ṣà á jọ, wọ́n á gbé e lọ sílé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún un kì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kì í fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa kì í tà ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Owó ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣọ́, nítorí pé èèpo idẹ ló sábà máa ń gba owó jù lára kátíríìjì, ó sì ṣeé lò lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ìwé ìlànà tí Glock ń kó mọ́ ìbọn wọn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kátíríìjì àtúnkì sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn ń kìlọ̀. Ìkìlọ̀ náà ní ìdí, ìdí ọ̀hún sì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe ìbọn náà fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì: èèpo idẹ, kápù kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù inú rẹ̀, àti ọta tó dé e lẹ́nu. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá gún kápù, kápù á tanná, iná á ran ẹ̀tù, ẹ̀tù á di gáàsì gbígbóná, gáàsì náà ni yóò sì ti ọta jáde. SAAMI, àjọ àwọn oníṣẹ́ ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, fi òpin agbára gáàsì yìí sí psi 35,000 fún kátíríìjì 9mm. Òṣùwọ̀n kan náà yìí ni fọ́kánáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, táyà mọ́tò kéékèèké kì í sì í sábà gbà ju nǹkan bíi 35 lọ. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan afẹ́fẹ́ táyà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ohun tí kò gùn tó ìka ọwọ́, ní iwájú ojú ẹni tó dì í mú.

Irin ọ̀pá ìbọn ló ń gba agbára yìí dúró, kì í ṣe idẹ. Iṣẹ́ idẹ ni pé kó wú díẹ̀, kó fara mọ́ ògiri ihò tó wọ̀, kó sì dí i pa kí gáàsì má baà padà sẹ́yìn. Níbi tí irin bá ti yí idẹ ká dáadáa, ọkàn lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ tó ń fúnra rẹ̀ gbé kátíríìjì wọlé nílò ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nísàlẹ̀ ẹnu ihò náà, èyí tí kátíríìjì ń gbà gòkè láti inú magasíìnì, ìyẹn àpótí kátíríìjì tó wà nínú ibi ìdìmú. Kí ọ̀nà yìí tó lè wà, nínú ọ̀pọ̀ ìbọn, wọ́n ní láti gé díẹ̀ kúrò lára irin tí ì bá gbé ìdí idẹ ró. Ibi kékeré yẹn wà ní gbayawu. Idẹ nípọn níbẹ̀, ó sì lè gba agbára tí wọ́n wọ̀n fún un. Bí agbára bá wá kọjá ìwọ̀n, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ́. Gáàsì á gba inú magasíìnì sọ̀ kalẹ̀, á ti magasíìnì já bọ́, á la ibi ìdìmú, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ni yóò sì gba ìyókù. Àwọn Glock àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún kátíríìjì .40 S&W, irú èyí tó jáde ní 1990, ni àwọn ayìnbọn mọ̀ jù lọ fún àyè gbayawu yìí, èèpo tí wọ́n bá yìn nínú wọn a sì máa yọ ikùn kékeré ní ẹ̀gbẹ́ kan nítòsí ìdí. Ẹni tó bá tún irú èèpo bẹ́ẹ̀ kì, ibi tó ti rẹ̀ ló tún fẹ́ kó gba agbára náà lẹ́ẹ̀kejì.

Olórí ohun tó ń mú agbára kọjá ìwọ̀n ni ẹ̀tù tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀méjì sínú èèpo kan. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ máa ń tètè jó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń gbà: ti 9mm kì í sábà tó ìdajì gíráàmù, àwọn ẹ̀tù kan sì wà tí ìwọ̀n wọn kì í kún ìdajì èèpo. Bí a bá wo ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kì í, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀, fóònù dún. Ó dáhùn, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Ṣé èèpo tó wà níwájú rẹ̀ ti gba ẹ̀tù, àbí kò tíì gbà? Bó bá rò pé kò tíì gbà, tó sì fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀tù méjì ti wà lójú kan, ìṣísẹ̀ tó sì kàn ni kí ọta dé e lẹ́nu. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ojú tó lè rí i mọ́. Gbígbé e sórí òṣùwọ̀n pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ tú àṣírí rẹ̀, torí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwúwo èèpo kan àti òmíràn lè bo ìwọ̀n ẹ̀tù tó lé mọ́lẹ̀. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa tó ń ki ṣakabùlà mọ̀ pé ẹ̀tù àkìjù lè fọ́ ọ̀pá ìbọn mọ́ni lọ́wọ́, àmọ́ ẹyọ kan ni ọdẹ ń kì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìgbàlódé lè ki ọgọ́rọ̀ọ̀rún kátíríìjì láàárín wákàtí kan, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì tó láti ba ọwọ́ jẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń yan ẹ̀tù tí ìwọ̀n rẹ̀ ń kún ju ìdajì èèpo lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣèèṣì kì í lẹ́ẹ̀méjì, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ojú á sì rí i. Wọ́n a máa tan iná sórí ẹ̀rọ, wọ́n a sì máa wo inú èèpo kọ̀ọ̀kan kí ọta tó bò ó. Bí ohunkóhun bá dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á da ẹ̀tù inú gbogbo èèpo tó wà lórí ẹ̀rọ padà, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ wọn látìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìṣọ́ra kankan lórí pápá ìyìnbọn tó lè dípò wíwo inú èèpo yìí.

Èèpo tí kò gba ẹ̀tù rárá náà léwu. Kápù nìkan lágbára tó láti ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, kó sì há síbẹ̀. Dípò gbàù, ìró rẹ̀ á kàn dún pó. Ìbọn kò ní ta sẹ́yìn bó ṣe yẹ, irin òkè rẹ̀, èyí tó ń lọ sẹ́yìn tó sì ń padà síwájú nígbà tí a bá yìn ín, sì lè má gbé èèpo jù síta. Ohun tó ti mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn bá kọṣẹ́ ni pé kó fa irin òkè kíá, kí kátíríìjì mìíràn wọlé, kó sì tún yìn ín. Ìkánjú yẹn ló ń fa jàǹbá, nítorí pé ọta kejì á bá èkíní lójú ọ̀nà, ọ̀pá ìbọn á sì wú tàbí kó ya. Bí ìró kò bá pé, ṣe ni kéèyàn dúró, kí ẹnu ìbọn ṣì kọjú sí ibi tí wọ́n ń yìn sí fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán, kó tó yọ magasíìnì, kó kó ohun tó wà nínú ihò jáde, kó sì tú ọ̀pá sílẹ̀ láti wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ìmọ́lẹ̀ ń là á já.

Ewu mìíràn kì í ti ẹ̀tù wá. Nígbàkigbà tí irin òkè bá gbé kátíríìjì wọlé, imú ọta máa ń fi agbára gbá ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bí èèpo kò bá di ọta mú pinpin, ọta á wọnú sí i, àyè tó kù fún gáàsì á dín kù, agbára á sì gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ẹ̀tù pé. Kápù tí kò wọlé tán, tó yọrí díẹ̀ ní ìdí èèpo, lè mú kí ìbọn kọṣẹ́. Nígbà mìíràn ó lè gbiná kí irin òkè tó pa dé. Ọta tó jẹ́ òjé lásán, tí kò ní bàbà lára, a máa fi òjé sílẹ̀ nínú ọ̀pá Glock àtijọ́ tí inú wọn jẹ́ oníhà púpọ̀, bí òjé náà bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ń há fún ọta tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kátíríìjì tí ẹlòmíràn kì nílé, tó wá di ẹ̀bùn tàbí ohun tí wọ́n rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò yẹ kó wọ ìbọn ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ẹni tó kì í jẹ́ ọ̀rẹ́ tó, torí pé kò sí bí ẹni tó gbà á ṣe lè mọ ohun tó wà lábẹ́ ọta. Àwọn tó ń tún kátíríìjì kì ní òòlù oníke kan tí wọ́n ń ki kátíríìjì tí wọ́n bá ń fura sí bọ orí rẹ̀. Wọ́n á gbá òòlù náà mọ́lẹ̀ títí ọta yóò fi yọ kúrò lẹ́nu èèpo. Ọta àti èèpo lè padà sídìí iṣẹ́. Ẹ̀tù tó bá dà jáde kì í padà sínú ìgò, torí pé wọn kò mọ irú ẹ̀tù tó jẹ́. Dídànù ni wọ́n ń dà á nù.