Ìbéèrè Kejì Ló Ń Gbóná: Bí Wọ́n Ṣe Ń Bi Mínísítà Ètò Ìṣúná Léèrè Nílé Aṣòfin

Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London, ẹni tó fẹ́ bi mínísítà ètò ìṣúná léèrè kì í ka ìbéèrè rẹ̀ sétí ilé. Yóò dìde, yóò ní "Nọ́ńbà kìíní, Abẹnugan," yóò sì jókòó. Mínísítà náà yóò wá síwájú, yóò ṣí fáìlì rẹ̀, yóò ka ìdáhùn gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n lè rò pé nǹkan kan ti fo òun, nítorí ìdáhùn ló gbọ́, kò gbọ́ ìbéèrè. Nǹkan kan ò fò ó. Ìbéèrè náà ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo ilé ló sì ti rí i.

Bó ṣe ń débẹ̀ nìyí. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún ni ó máa ń kan ilé iṣẹ́ ìṣúná, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀, fún wákàtí kan. Aṣòfin tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti fi í ránṣẹ́ ó kéré tán ní ọjọ́ ìjókòó mẹ́ta ṣáájú. Ẹyọ kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí. Àwọn tó ń fi ránṣẹ́ pọ̀ ju àwọn tí wákàtí kan lè gbà lọ, nítorí náà kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké: ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ lorúkọ wọn ń wọ ìwé. Nínú wọn náà, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà kàn kí aago tó lù.

Látìgbà tí ìbéèrè ti jáde ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílé iṣẹ́ ìṣúná. Tó bá jẹ́ lórí owó orí epo ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó orí epo. Tó bá jẹ́ lórí owó ìfẹ̀yìntì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló ń kọ ìdáhùn kúkúrú tí mínísítà yóò kà. Àmọ́ ìdáhùn yẹn kọ́ ló ń jẹ wọ́n lóorun. Ohun tí wọ́n fi ń ṣàìsùn ni ojú ewé tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń méfò ohun tí aṣòfin náà máa fi tẹ̀ lé e. Nítorí ẹni tó béèrè ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìdáhùn, kó béèrè òmíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, òun yìí kò sì sí nínú ìwé kankan. Lára ohun tí wọ́n máa ń tò sínú fáìlì ni iye àwọn tí kò níṣẹ́ lágbègbè tí aṣòfin náà ń ṣojú fún, ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé níbẹ̀ láìpẹ́, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ rí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó mọ eré yìí kì í fi ìbéèrè àkọ́kọ́ jà. Yóò kọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ó kàn fẹ́ mọ̀. Ìkejì ló gbé ọ̀bẹ sí. Tí ìyẹn bá parí, àwọn aṣòfin mìíràn yóò máa nàró, wọn yóò máa jókòó, kí Abẹnugan lè rí wọn, kó sì pè wọ́n. Òun náà yóò máa mú ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹni tí ẹgbẹ́ alátakò yàn láti máa ṣọ́ ètò ìṣúná ní àyè tirẹ̀ tó dájú. Níparí wákàtí náà, wọ́n á ya ìṣẹ́jú mélòó kan sọ́tọ̀ fún ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ rárá, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà lè jẹ yọ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ń gbẹ́ni lójú o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mínísítà náà ń béèrè tiwọn, irú "Ǹjẹ́ mínísítà gbà pẹ̀lú mi pé ètò tuntun yìí ti ṣe àwọn èèyàn mi láǹfààní?" Ta ni yóò ní òun ò gbà? Oríkì ni wọ́n ń kì, wọ́n kàn fi ohùn ìbéèrè kì í ni.

Mínísítà ìṣúná fúnra rẹ̀ nìkan kọ́ ló sì ń dáhùn. Ó ní àwọn igbákejì tí wọ́n jọ ń pín in. Kemi Badenoch wà lára irú wọn láti 2020 sí 2021, Bim Afolami náà ṣe é láti ìparí 2023 títí di ìdìbò 2024, tó fi jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ti dúró rí nídìí àpótí tí mínísítà ń gbé fáìlì lé láti dáhùn fún àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ owó ló tiẹ̀ bí gbogbo àṣà yìí. Ìbéèrè tó pẹ́ jù tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, lọ́dún 1721 nílé aṣòfin àwọn ìjòyè (House of Lords), lórí akápò ilé iṣẹ́ South Sea ni, ẹni tó sá lọ sókè òkun nígbà tí òwò ilé iṣẹ́ náà dojú dé tó sì kó gbèsè bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti rí i mú.

Ohun kan wà tó mú iṣẹ́ mínísítà yìí le ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kó padà wá tún un ṣe lọ́la. Ti ìṣúná, àwọn oníṣòwò owó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń rà, wọ́n ń tà. Hugh Dalton, mínísítà ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i lọ́dún 1947: bó ṣe ń wọlé lọ ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ fún akọ̀ròyìn kan tó pàdé lọ́nà, ìwé ìròyìn sì gbé e jáde kó tó kà á débẹ̀. Wọ́n bi í léèrè nílé lọ́jọ́ kejì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ṣe é. Lọ́jọ́ náà ló kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ti James Callaghan, mínísítà ìṣúná mìíràn níbẹ̀, ló wá jinlẹ̀ jù. Lọ́dún 1967, dọ́là 2.80 ni wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn kan sí, agbára ìjọba ò sì fẹ́ gbé e mọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fẹnu kò ní bòókẹ́lẹ́ pé kí wọ́n já pọ́n-ùn wálẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kéde rẹ̀, nígbà tí báńkì ti tì. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan náà ni Robert Sheldon, ọmọ ẹgbẹ́ Callaghan fúnra rẹ̀, dìde béèrè nípa owó tí àwọn èèyàn ń sọ pé ìjọba fẹ́ yá nílẹ̀ òkèèrè.

Kí ni kí Callaghan sọ? Tó bá ní àwọn ò yáwó, àwọn fẹ́ já pọ́n-ùn wálẹ̀ ni, gbogbo ayé á sáré tà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá ní irọ́ ni, pọ́n-ùn ò ní í já, ọjọ́ méjì péré ló kù tí ilé á fi mọ̀ pé ó parọ́, mínísítà tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ilé yẹn kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́. Ó wá ní òun ò ní ohun tóun fẹ́ fi kún tàbí yọ kúrò nínú èyí tóun ti sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò gbọ́ ohun tí kò sọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n da pọ́n-ùn sọ́jà bí ẹni da omi nù, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi dọ́là tó wà nípamọ́ rà á ní iye tó mọ̀ pé á wálẹ̀ lọ́la. Ní Àbámẹ́ta, ó di dọ́là 2.40. Kí oṣù náà tó tán, Callaghan ti kúrò nípò.

Nàìjíríà náà lo irú ètò yìí rí. Láti 1957 títí di ìfipágbàjọba oṣù Kìíní 1966, Festus Okotie-Eboh, ẹni tí ìró gígùn rẹ̀ máa ń wọ́ nílẹ̀, ni mínísítà ìṣúná. Aṣòfin ni, inú ilé kan náà ní Èkó ni òun àti àwọn alátakò jọ ń jókòó. Ìwé òfin 1979 ló tú wọn ká, ó gbé ètò ààrẹ wọlé, èyí tó wà nílẹ̀ láti 1999 kò sì yí i padà. Abala 147 sọ pé aṣòfin tó bá gba ipò mínísítà ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kankan tí èèyàn lè fi ojú sọ́nà fún mínísítà l'Abuja. Abala 67 ló fún un láyè láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí ilé bá pè é.

Ilé sábà ń pè é lọ síwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni. Abala 88 fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, kí wọ́n lè tú ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá fó. Abala 89 wá fún wọn ní eyín: wọ́n lè ní kí ẹni tí wọ́n pè búra, kó kó ìwé wá, tó bá sì kọ̀ láti wá, wọ́n lè kọ ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú un wá. Lójú ayé, eyín yìí kì í sábà gé nǹkan jẹ. Mínísítà á rán akọ̀wé àgbà wá, alága ìgbìmọ̀ á bínú, á lé e padà, wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn.

Ibi tí ìbéèrè ti lè so èso jù lọ ni ìwé ètò ìnáwó ọdún mẹ́ta, tí òfin ọdún 2007 ní kí ìjọba máa gbé wá ṣáájú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àfojúsùn mẹ́ta ló gbé e ró: iye tí àgbá epo kan máa jẹ́, iye àgbá tí a máa wà lóòjọ́, iye tí wọ́n máa ṣẹ́ dọ́là. Fún ọdún 2025, wọ́n fi wọ́n sí dọ́là 75, àgbá mílíọ̀nù 2.06, àti náírà 1,400. Tí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlàfo dé, gbèsè la fi ń dí i. Aṣòfin tó bá fẹ́ mọ bí ọdún ṣe máa rí, kó bi wọ́n níbẹ̀ bí wọ́n ṣe débi nọ́ńbà wọ̀nyẹn.

Nípa ti ìbéèrè kejì, àwọn ìgbìmọ̀ Abuja ní àyè rẹ̀ ju ti London lọ, nítorí aago ò lé wọn. Ohun tó ń pa á ni ìwé. Ní ìparí 2013, ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé aṣojú-ṣòfin gbé ìbéèrè 50 lé Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ìṣúná nígbà náà, lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fún un lọ́sẹ̀ méjì. Ó fi ìwé tó nípọn dá wọn lóhùn. Ìbéèrè 50 tí ìdáhùn wọn bá jọ dé lọ́jọ́ kan náà, ta ló fẹ́ bá ẹnì kan fà á lórí ẹyọ kan?

Ti ọdún 2022 tún yàtọ̀. Òfin báńkì àpapọ̀ ìgbà náà sọ pé owó tí ìjọba lè yá lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá. Ìjọba ti yá a títí ó fi ga ju tírílíọ̀nù náírà 22 lọ kí Ààrẹ tó kọ̀wé sílé aṣòfin àgbà lóṣù Kejìlá pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè onígbà gígùn. Àwọn kan fárígá, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, ilé sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti gba àlàyé. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ilé fọwọ́ sí i, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìjọba tó yá owó náà gbé àpótí rẹ̀ kúrò ní Aso Rock.