Láti ọwọ́ Alíkálì dé Kóòtù Ẹ́ríà: ibi tí ìdájọ́ kólékólé ti ṣẹ̀ wá ní Ìlọrin

Bí wọ́n bá mú kólékólé wá síwájú adájọ́ ní Kóòtù Ẹ́ríà tó wà ní Centre-Igboro, ní Ìlọrin, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba á dìde, á ka ìwé ẹ̀sùn tí gbogbo èrò kóòtù ń pè ní FIR (First Information Report). Ẹ̀sùn mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ó wọ ilé onílé, ó fọ́ ilé, ó jalè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Olè jíjà lọ́tọ̀, ọ̀nà tí olè gbà wọlé lọ́tọ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nílùú yìí, ó ju ìgbà òyìnbó lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, baálé agbo ilé ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ olè. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ ló ń dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, kó tó kan ọba. Ẹrù tó sọnù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, ìtìjú rẹ̀ sì máa ń kan gbogbo ẹbí olè. Bí ẹni tí wọ́n fura sí bá ṣẹ́, irin Ògún ni wọ́n á gbé fún un kó fi búra. Irin náà kò tíì kúrò ní kóòtù títí dòní: ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́ ṣì lè fi í búra kó tó jẹ́rìí.

Ìgbà tí àwọn ọmọ Ṣéù Àlímì gba àkóso Ìlọrin lẹ́yìn Àfọ̀njá, tí Abdulsalami jẹ ẹ̀míà àkọ́kọ́, ni Alíkálì, adájọ́ òfin Ìsìláàmù, dé, pẹ̀lú òfin ìmọ̀ Màlíkì, ọ̀kan lára ìlànà òfin Ìsìláàmù. Ibí yìí ló wù mí kí a dúró sí díẹ̀, torí pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé gígé ọwọ́ nìkan ni òfin yẹn mọ̀. Ìbéèrè ló mọ̀ jù. Ohun tí olè gbé gbọ́dọ̀ tó ìdámẹ́rin dínárì wúrà tàbí dírámù fàdákà 3. Olè gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, tàbí kí ẹlẹ́rìí méjì tó ṣe é gbára lé rí i. Pabanbarì rẹ̀ ni ohun tí àwọn álífáà ń pè ní hirz, ìyẹn ibi tí olóhun fi ohun rẹ̀ pamọ́ sí bó ṣe yẹ. Àlejò tí o fúnra rẹ gbà sílé, tó wá jí nǹkan rẹ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gé lọ́wọ́, nítorí ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó dá ògiri lu, tí ọwọ́ bà nínú ilé kí ẹrù tó jáde, òun náà bọ́ lọ́wọ́ gígé, ṣùgbọ́n Alíkálì lè fi pàṣán tàbí ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ògiri, ilẹ̀kùn, ìloro: àwọn wọ̀nyí ni ẹjọ́ ń dá lé lórí.

Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, wọ Ìlọrin. Nígbà tó di 1900, ìjọba Lugard fi Alíkálì sílẹ̀ lórí àga, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é: kò gbọdọ̀ gé ẹ̀yà ara ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn àti pàṣán, lábẹ́ òfin tó jẹ́ pé Alíkálì nìkan ló kà á.

Ohun tó fi òpin sí ètò yẹn ni ìbẹ̀rù. Bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí ní Àríwá sọ fún ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù, pé ọkàn àwọn kò balẹ̀ níwájú Alíkálì. Ní Ìlọrin fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ Tàlákà Parapọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n da ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1958, ìjọba Àríwá pe ìgbìmọ̀ kan jọ, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, Abu Rannat, ló ṣe alága rẹ̀. Àmọ̀ràn wọn ló bí Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Àríwá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1960, tí òmìnira ku ọ̀la. Sudan ni wọ́n ti wò ó kọ, Sudan sì ti wo ti Íńdíà ti ọdún 1860.

Bó ti wù kó jìnnà tó, ọ̀rọ̀ ògiri ló tún bá wọlé. Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òfin yìí ń bèèrè ẹni tó la ògiri lẹ́nu. Ọ̀nà mẹ́fà ló kà sílẹ̀ tí wíwọ ilé onílé fi ń di fífọ́ ilé. Lára wọn ni kí ènìyàn dá ihò lu, kó gba ojú fèrèsé tàbí kó fo ògiri, kó já àgádágodo, tàbí kó lu ẹni tó dí i lọ́nà. Oòrùn ló sì ń sọ fún adájọ́ bóyá òru ni: lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kó tó yọ. Òfin ìwà ọ̀daràn apá gúúsù kò rí bẹ́ẹ̀, agogo ni wọ́n ń wò níbẹ̀: láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, fífọ́ ilé láàrin àkókò náà sì lè fa ẹ̀wọ̀n gbére. Láti Òfà ní Kwara, ìrìn díẹ̀ sí Ọ̀ṣun ni ènìyàn fi ń bọ́ sábẹ́ òfin gúúsù yẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1967, ìjọba gba kóòtù kúrò lábẹ́ ẹ̀míà àti àwọn ọba, wọ́n sọ ọ́ ní Area Court. Ọ̀pọ̀ àgbà ìlú ṣì ń pè é ní kóòtù Alíkálì, àwọn kan sì gbà pé Sharia ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ olè níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kwara kò sí lára ìpínlẹ̀ 12 tó gba òfin ìwà ọ̀daràn Sharia lẹ́yìn 1999.

Tí wọ́n bá ka FIR tán, adájọ́ á bi olùjẹ́jọ́ bóyá òótọ́ ni. Bó bá jẹ́wọ́, ìdájọ́ lè wáyé lọ́jọ́ náà. Bó bá ṣẹ́, wọ́n á pe ẹlẹ́rìí. Olè jíjà lásán lè gbà tó ọdún 5, èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé gbígbé lè tó 7, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrà tàbí Mandala ni ibùsùn ẹni tí kò bá rí owó san. Ọba tàbí baálé kò lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n mọ́, torí abala 36(12) ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ kò lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí wọ́n jà lólè máa ń jókòó sẹ́yìn bí òǹwòran. Owó ìtanràn kì í ṣe tirẹ̀, ìjọba ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ abala 78 Penal Code fún adájọ́ láṣẹ kó ní kí ọ̀daràn san owó gbà-máà-bínú fún un, kún ìyà mìíràn tàbí kó dípò rẹ̀. Ohun tí baálé agbo ilé kọ́kọ́ ń bèèrè nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀: kó mú rìsíìtì ohun tó sọnù lọ́wọ́ lọ sí kóòtù, kó sì ní kí ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba rán adájọ́ létí kó tó gbé kálàmù.